Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn àpò kòkó: láti Ìdànrè dé Apápá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá, 2025. Àkúrẹ́ sí Ìdànrè

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ la kúrò ní Àkúrẹ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, kùrukùru sì bo òkè Ìdànrè débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdí rẹ̀ kí a tó rí i. Ẹrù wa kò pọ̀: fóònù méjì, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń mọ bí omi ṣe kù sínú kòkó gbígbẹ, bàtà òjò, ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí ilé iṣẹ́ wa ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn, àti ìdè oníke tó ní nọ́ńbà, èyí tí a ń so mọ́ ẹnu àpò.

Ó rọrùn láti sọ iṣẹ́ tí mo bá wá. Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023 pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, sóyà, igi àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn bí ó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 2020 wá. Ẹni tó bá fẹ́ tà á níbẹ̀ gbọ́dọ̀ fi oko tí ó ti wá hàn lórí máàpù, oko kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́fà lẹ́yìn àmì ìdá. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan péré ti tó. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ya ààlà rẹ̀ yíká. Ilé iṣẹ́ wa ní kí a rin gbogbo rẹ̀ yíká, ńlá ni o, kékeré ni o, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí ojú kan ṣoṣo kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá oko Lágbájá ti wọ inú ti Tàmẹ̀dù.

Ìparí 2024 ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin náà. Wọ́n sún un sí ìparí 2025. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n tún kéde ní Brussels pé àwọn fẹ́ sún un síwájú ní ọdún kan sí i, torí pé kọ̀ǹpútà tí yóò gba àkọsílẹ̀ náà kò ní lè gbé ẹrù tó ń bọ̀. Ìròyìn yẹn ti dé Ìdànrè ṣáájú mi. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ti ní, "Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Wọ́n ní òyìnbó ti sún un. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ rin oko wa náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọjọ́ tí òfin yóò bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń sún, wọn ò sún 2020. Ẹni tó bá gé igbó ní ọdún yìí nítorí pé ó gbọ́ pé wọ́n sún un, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ kòkó rẹ̀ kúrò lọ́jà. Ó mi orí, ó pè àwọn ọmọ ọlọ́kadà méjì.

Oko àkọ́kọ́ jẹ́ ti Bàbá kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ọ̀kadà gbé wa dé kám̀pù, ẹsẹ̀ la fi rin ìyókù. Bàbá ló ṣáájú, àdá lọ́wọ́, ó ń tọ́ka sí pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí ààlà: "Èyí ni tèmi. Ọ̀hún ni ti àwọn ọmọ àbúrò bàbá mi." Mo ń tẹ̀lé e, mo ń wo fóònù. Lábẹ́ ìbòòji kòkó àtijọ́, fóònù a máa sọ ibi tí a wà nù, á ní a ti fò sínú oko ẹlòmíràn, a ó sì dúró títí yóò fi rí wa padà. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà wá láti rin oko tí kò pé hẹ́kítà mẹ́ta yíká.

Àwọ̀ pupa kan ló gbé mi wá síbẹ̀ gan-an. Ní ọ́fíìsì, máàpù tí sátẹ́láìtì yà fi hàn pé igi pòórá ní ìhà gúúsù oko yìí ní 2022. Bí a bá fi í bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gba kòkó Bàbá. Nígbà tí a débẹ̀, kòkó kéékèèké tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ni mo rí láàárín kùkùté. Kùkùté kòkó ni, kì í ṣe ti ìrókò tàbí àràbà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fọwọ́ kan ọ̀kan. Ó ti ń jẹrà, olú ti hù sí i lára, èèhù tuntun kan sì ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá ní, "Wọ́n ti gbó. Wọ́n ju àádọ́ta ọdún lọ, wọn ò so mọ́. Mo gé wọn, mo tún un gbìn. Kí ló wá burú níbẹ̀, ọmọ mi?"

Kò sí ohun tó burú. Oko ni kí 2020 tó parí, oko náà ló jẹ́ títí dòní, òfin kò sì bá ẹni tó tún oko rẹ̀ gbìn wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń wo ilẹ̀ láti òkè kò mọ ìyàtọ̀ láàárín igbó àti kòkó arúgbó tó wà lábẹ́ igi ńlá. Ewé tútù ni gbogbo rẹ̀ lójú tirẹ̀. Ẹni tó jókòó sí Amsterdam tàbí Hamburg, pupa yẹn nìkan ni yóò rí.

Mo bi Bàbá bóyá ìwé kankan wà nílé. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí irin kan jáde, ó tú àdìrẹ tí wọ́n fi wé nǹkan inú rẹ̀. Rísíìtì kòkó ni, wọ́n fi rọ́bà dì í. Ọ̀kan jẹ́ ti 1981, nígbà tí Cocoa Board, àjọ ìjọba tó ń rí sí títa kòkó, ṣì wà, kí ìjọba tó tú u ká ní 1986. Orúkọ bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, iye àpò wà níbẹ̀, gírédì náà wà níbẹ̀. Tàdáwà rẹ̀ ti ṣá, ibi tí wọ́n ṣẹ́ ìwé náà po sí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo tẹ́ ẹ sórí àga, mo ya fọ́tò rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, mo ya fọ́tò kùkùté, mo sì kọ orúkọ àgbà méjì tó mọ oko náà láti ìgbà èwe wọn. Ní alẹ́, mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, mo sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n yí pupa yẹn padà. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni ìwé yẹn ti wà nínú àpótí. Bí ikán bá ti jẹ ẹ́ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 7. Ìdànrè

Oko mẹ́rin láàárọ̀, gbogbo wọn mọ́. Ojú ewé kòkó ní aró búlúù lára níbi tí wọ́n ti fín oògùn kọ́pà sí i nítorí àrùn kòkó dúdú, èyí tí òjò bí irú ti òní máa ń ràn káàkiri. Oògùn yẹn kò bà mí lẹ́rù.

Ní oko karùn-ún, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé wa lọ́nà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wá ṣe lébùrà láti Benue gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, ó ń fín oògùn koríko. Sílípáàsì ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó fi síńgílẹ́ẹ̀tì di imú. Ṣòkòtò rẹ̀ ti rin dé orúnkún. Mo ní kó sọ pọ́ǹpù kalẹ̀, mo wo kẹ́ẹ̀gì oògùn náà: paraquat. NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní, 2024. Wọ́n ti lé e kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù láti 2007. Ẹnu kan péré nínú rẹ̀ lè pa àgbàlagbà, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Ó ṣì wà lórí àtẹ, ẹni tó ń tà á kì í sì í sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń rà á.

Èyí kò tíì bà mí nínú jẹ́ tó ohun tí mo rí lábẹ́ igi obì lẹ́yìn ìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún kan wà níbẹ̀, wọ́n ti fi èékánná ha ìwé ara rẹ̀ kúrò, ó ku àmì agbárí àti egungun méjì ní igun. Omi mímu ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo da omi yẹn nù, mo fún un ní ìgò omi tèmi, mo sì jókòó tì í lórí ilẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ike máa ń mu oògùn sínú ara rẹ̀, ọṣẹ kò sì lè fọ ohun tó wà nínú ike. Kẹ́ẹ̀gì tí oògùn bá ti tán nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta là ń ṣan án, omi ìṣanra náà là ń dà padà sínú pọ́ǹpù fún fífín, lẹ́yìn náà ni a ó lu ihò sí i nídìí kí ẹnikẹ́ni má lè pọnmi sí i mọ́. Ó fúnra rẹ̀ gbé àdá, ó gún un nídìí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ní ibọ̀wọ́ àti ìbòmú nínú ọkọ̀, mo fún un. Ẹyọ kan péré ni mo mú wá, ojú sì tì mí, torí lébùrà mẹ́rin ló wà lóko náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, a kó àwọn àgbẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn kékeré tí ẹgbẹ́ ń lò fún ìpàdé. Ẹ̀wà ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí pé dichlorvos, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n bá lára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọn ò tíì ṣí i padà. Oògùn tí ẹni kan fín sórí àpò nínú ṣọ́ọ̀bù ló ba ọjà gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́. Ìyá kan ní ẹ̀yìn dìde, ó ní, "Bí oògùn yìí bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọn ò gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, tó fi jẹ́ pé àwa la máa ń bá wí?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní òótọ́ lẹ sọ, Mà. Mo kọ orúkọ ìsọ̀ méjì tí wọ́n dárúkọ sílẹ̀, mo sì ṣèlérí pé n ó kọ̀wé sí NAFDAC ní Àkúrẹ́. Mo ti kọ ọ́ ní alẹ́ yìí kí n tó sùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 8. Ìdànrè sí Oǹdó

Aago mẹ́wàá àárọ̀, ọjọ́ ilé ìwé. Wọ́n ń fọ́ kòkó lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọmọkùnrin kan tí kò lè ju ọdún méjìlá lọ jókòó láàárín àwọn àgbà, ó ń fi àdá là á, ó ń ju wóro rẹ̀ sínú agbọ̀n. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo wa tí a dàgbà nínú oko la mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi le láti sọ. Àpá wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ kò bínú. Ó ní wọ́n lé e wálé nítorí owó ìwé tí òun kò tíì san. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 wà, àdéhùn tí àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí ní 2001 láti fi òpin sí irú iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù náà wà. Àmọ́ bí mo bá kàn kọ orúkọ bàbá yìí sílẹ̀ pé kí ilé iṣẹ́ má ra kòkó rẹ̀ mọ́, owó ìwé náà yóò túbọ̀ di ohun tí kò ní rí san. Ohun tí mo ṣe ni pé mo pe ọ̀gá ilé ìwé náà lórí fóònù níṣojú bàbá, a jọ fẹnu kò lórí bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, mo sì kọ orúkọ ọmọ náà sínú ìwé àwọn tí a óò padà wá bẹ̀ wò ní oṣù Kejìlá. Ó padà sílé ìwé ní ọ̀sán yẹn. Bàbá ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà Oǹdó, wọ́n tẹ́ kòkó sórí títì ọlọ́dà bí ẹní. Ìyá ìyá mi náà sá tirẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà gbígbóná, epo ọkọ̀ àti èéfín ló ń wọ inú ọ̀rá kòkó, wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò báyìí tó bá dé èbúté òkè òkun. Mo dúró níbi mẹ́ta láti sọ ọ́. Ẹni kan gbà, ó kó tirẹ̀ sórí tapólì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 9. Oǹdó sí Ọ̀rẹ̀, etí igbó ọba Olúwa

Igbó ọba yìí, igbó tí ìjọba fòfin pa mọ́, àti ti Ọmọ̀ tó fara tì í níhà Ògùn, níbi tí erin igbó ṣì ń gbé, ló yẹ kí ẹni tó ń ṣòwò kòkó lọ fi ojú ara rẹ̀ rí kó tó sọ̀rọ̀ nípa òfin òyìnbó. Etí títì ni igi ńláńlá wà, bí o bá wọ inú igbó náà díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ojú sánmà á là. Kùkùté tó jóná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀. Lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó ọlọ́dún méjì mẹ́ta, ó tutù yọ̀yọ̀.

Ẹni tó ni oko tí a kọ́kọ́ dé jẹ́ ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wa jọra, ó níyàwó, ó bí ọmọ mẹ́ta. Ó ní òun sanwó fún àwọn kan kí òun tó wọlé, wọ́n sì fún òun ní ìwé. Mo wo ìwé náà. Kò sí òǹtẹ̀ ìjọba lórí rẹ̀. Mo sọ fún un pé a ò lè ra kòkó rẹ̀ nígbà tó bá so, kì í ṣe ní ọdún yìí, kì í ṣe ní ọdún tó ń bọ̀. Kò bú mi. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà pé ẹlòmíràn á rà á, àbí?"

Mi ò lè purọ́ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 10. Ọ̀rẹ̀

Ìdáhùn ìbéèrè ọ̀dọ́ yẹn wà nínú ìsọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá wa ra kòkó ló ni ibẹ̀. Mo wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, wọ́n da kòkó sí àárín bí òkìtì iyanrìn, àwọn ọmọkùnrin méjì ń fi ṣọ́bìrì dà á sínú àpò. Ọlọ́kadà kan dé pẹ̀lú àpò ìdajì láti ọ̀nà igbó, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sanwó, wọ́n tú u lé òkìtì. Ìdè oníke wa tó ní nọ́ńbà wà lórí tábìlì nínú ọ̀rá, odindi rẹ̀. Bí àpò bá ti kún ni wọ́n ń mú ọ̀kan so mọ́ ọn.

Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ohun tí mo ti ṣe láti ọjọ́ Ajé, rírin oko, rísíìtì 1981, fọ́tò kùkùté, wá di asán níbi òkìtì yìí. Nọ́ńbà tó wà lẹ́nu àpò ń sọ pé oko Bàbá Ìdànrè ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti dà pọ̀ mọ́ ti igbó ọba. Òfin náà kò sì gba àdàpọ̀. Bí àpò kan tí a kò mọ oríṣun rẹ̀ bá wọ inú ẹrù, gbogbo ẹrù náà ló bàjẹ́. Mo gbà gbọ́ pé ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, nínú ìsọ̀, kì í ṣe nínú oko. Owó tí à ń ná lórí sátẹ́láìtì pọ̀, ti ìsọ̀ kò tó nǹkan, àgbẹ̀ tó ti ṣe tirẹ̀ tán ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹni tó ni ìsọ̀ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó jókòó, ó sọ tirẹ̀. Nígbà tí kòkó kọjá dọ́là 12,000 lórí tọ́ọ̀nù kan ní oṣù Kejìlá 2024, kò sí ẹni tó bi í léèrè oríṣun. Bí ó bá yọ àpò kan sọ́tọ̀, ẹlòmíràn á gbé e. Ní báyìí, iye náà ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, ó sì ti yá owó ra èyí tó wà nílẹ̀. "Ẹ ní kí n má dà á pọ̀. Yàrá kan ni mo ní."

Mo fagi lé òkìtì náà. A kò ní gbà á. Àmọ́ mo dúró títí di aago méje pẹ̀lú rẹ̀. Káfíńtà kan wá fi pákó pín yàrá náà sí méjì, a kun ilẹ̀kùn kan ní àwọ̀ ewé, a sì fẹnu kò pé níṣojú àgbẹ̀ nìkan ni wọ́n ó máa so ìdè mọ́ àpò, bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, kí àgbẹ̀ sì mú ìlàjì ìwé tó ní nọ́ńbà yẹn lọ sílé. Mo gba gbogbo ìdè tó wà lórí tábìlì padà. Mo kà wọ́n, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ó fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 11. Ọ̀rẹ̀ sí Apápá

Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láti Ṣágámù. Nígbà tí a ó fi dé ilé ìkẹ́rùsí ní Apápá, ọ̀sán ti pọ́n, ẹrù Ìdànrè ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá sì ti wà nílẹ̀, ó ń dúró dè wá. Àpò ìdọ̀họ ni gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n fi epo ewébẹ̀ rọ òwú rẹ̀ kí wọ́n tó hun ún, kì í ṣe epo rọ̀bì. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ láti mọ̀.

Gíréédà, ẹni tó ń yẹ kòkó wò láti mọ gírédì rẹ̀, ka 300 wóro, ó tò wọ́n sórí pákó, ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì ní gígùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó tì í. Inú kòkó tí wọ́n bò dáadáa kó lè kan kí wọ́n tó sá a máa ń rí bí ọpọlọ, ó ní ìlà-ìlà, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí wọn ò bò tó máa ń dán bí sílétì. Fún gírédì kìíní, wóro tó bu kò gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ nínú 300, èyí tó dà bí sílétì náà kò gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án. A rí mẹ́rin tó bu, méjì tó dà bí sílétì. Omi inú rẹ̀ jẹ́ 7.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Òkìtì tó tẹ̀ lé e jẹ́ 8.9, a dá a padà sí oòrùn, nítorí pé bí ó bá ti kọjá 8, èbu ń bọ̀ kó tó la òkun kọjá.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà ẹnu àpò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Àpò 16 ni tọ́ọ̀nù kan. Nínú tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́, gbogbo rẹ̀ pé. Nínú ìkejì, àpò méjì kò ní ìdè. Awakọ̀ ní ó ti já lójú ọ̀nà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. A gbé wọn sọ́tọ̀, kò sí ariwo.

Àpò Bàbá jẹ́ mẹ́fà. Mo rí i pé ìdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà níbẹ̀, mo fọwọ́ kàn wọ́n, mo pè é lórí fóònù nígbà tí wọ́n ń gbé wọn wọ kọ̀ntánà tí wọ́n ti tẹ́ bébà sí ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé ọ́fíìsì ti yí pupa yẹn padà láàárọ̀ yìí, wọ́n gba rísíìtì bàbá rẹ̀.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Àfikún owó tí ẹ sọ lórí àpò kọ̀ọ̀kan ńkọ́?"

Mo ní kò tíì jáde, Bàbá. Mo ní ní ọjọ́ Ajé, òun ni ohun àkọ́kọ́ tí n ó bá wọn sọ. Ó ní òun yóò pè mí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun.